Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìtọ̀ Tó Dá Fúnra Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 58 ni mí, mo ń ta pákó ní Òṣogbo. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtọ̀ mi pupa bí sóbò. Kò ro mí, kò ta mí. Mo mu àgbo, ó sì dá. Ọ̀rẹ́ mi ní àtọ̀sí ajá ni, torí Ìlobùú la ti dàgbà, odò Ẹrinlẹ̀ la sì ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣé ó tún yẹ kí n lọ sí ọsibítù?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí.

Dídá tó dá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ kì í sábà dunni. Ó lè yọ lónìí, kó dá fún oṣù mélòó kan, kó tó tún yọ. Ohun téèyàn bá mu láàárín méjì ló máa gba ọpẹ́. Bó ṣe ṣe bàbá tó bí mi nìyẹn. Kápúsù ni wọ́n ń fún un léraléra, odidi ọdún kan, ẹnikẹ́ni ò wo inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa wò ó, jẹjẹrẹ ti jẹ wọnú ẹran àpò ìtọ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ o. Àtọ̀sí ajá, àìsàn tí kòkòrò inú odò ń kó síni lára, náà ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ọgbẹ́ tí ẹyin kòkòrò rẹ̀ ń dá sára àpò ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè bí jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán ni kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ sínú ike, ìgbà yẹn ni ẹyin ń jáde jù. Bí wọ́n bá rí i, praziquantel ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Ní ọsibítù UNIOSUN, ìyẹn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, ẹ béèrè dókítà tó ń rí sí ọ̀nà ìtọ̀. Wọ́n á ya kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ yín ní skánì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti okùn tín-ínrín tó ní iná àti kámẹ́rà gba ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn pa ibẹ̀ kú. Kókó kékeré tí skánì ò rí, okùn yẹn lè rí i.

Bí ẹ bá mu sìgá rí, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú. Òun ló ń fa jẹjẹrẹ yìí jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tí ìtọ̀ ò sì jáde mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Òru yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbéra.