Gàárì mélòó ló wà lẹ́yìn ejò yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún tó kọjá, ó fi ra ọmọ ejò boa kan níbi ìpàtẹ. Ẹni tó tà á ní ti Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni, ojúlówó onírù-pupa, ó sì gba £280 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá wò ó, ó ní ti Kòlóḿbíà ni, pé kò yẹ kó ju £60 lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi ò jẹun dáadáa mọ́. Màmá mi n'Ìbàdàn tún ní òjòlá ni, pé kí n tètè lé e jáde nílé. Fọ́tò mẹ́rin rèé. Ta ni ká gbà gbọ́? (Ìyá Ìbejì, Birmingham)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí ọmọkùnrin yẹn, ó mọ fọ́tò yà. Ó jẹ́ kí ejò náà nà gbọọrọ sórí táwẹ́ẹ̀lì funfun, ó sì yà á láti òkè. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí i kà.

Mo tẹ fọ́tò kejì sórí bébà, mo mú báírò pupa. Àwọn àmì dúdú ńlá tó tò sẹ́yìn boa, gàárì là ń pè wọ́n, torí bí wọ́n ṣe gun ẹ̀yìn rẹ̀ bíi gàárì ẹṣin. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, mo ń kán báírò sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ihò ìdí. Ibẹ̀ ni mo dúró, a kì í ka ti ìrù mọ́ ọn. 26 ni. Mo tún un kà, 26 náà ni.

Boa ti Suriname, Guyana àti igbó Amazon, èyí tí wọ́n ń pè ní Boa constrictor constrictor, gàárì rẹ̀ kì í sábà tó 22. Ti Kòlóḿbíà, Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ìyẹn imperator, máa ń tó 22 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo bí gàárì náà ṣe rí. Ti Suriname máa ń yọ ṣóńṣó síwájú àti sẹ́yìn bí ìyẹ́ àdán. Ti ejò yín kàn gùn ni, igun rẹ̀ sì ṣe róbótó. Ìrù rẹ̀ pupa rúsúrúsú bíi bíríkì, kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín ló jàre.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Boa kan náà lè mọ́lẹ̀ lálẹ́ kó sì ṣú lọ́sàn-án, ìrù tó pọ́n lónìí sì lè ṣá bó bá dàgbà. “Onírù-pupa” yẹn gan-an, orúkọ ọjà ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ta ti Kòlóḿbíà.

Ó rí bí ilà ojú. Bí mo bá rí àbàjà lójú bàbá kan, ọkàn mi á lọ sí Ọ̀yọ́, àmọ́ n kò ní búra. Ìdílé rẹ̀ ni màá bi í.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Ní 2011, mo ra abo boa kan tí wọ́n ní ti Pérù ni, lápá Iquitos nínú igbó Amazon. Ìrù rẹ̀ pọ́n débi pé n kò ka ohunkóhun. Mo tọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin, mo fi akọ sí i, ó bímọ 19, mo sì ta 11 nínú wọn lórúkọ Pérù. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ awọ. Mo rẹ awọ náà sínú omi, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná, mo fi abẹ́rẹ́ ka ìpẹ́ tó yí àárín ara rẹ̀ po. Ti Amazon máa ń ju 80 lọ. 71 ni mo bá lára tèmi. Mo pe àwọn tó ra mọ́kànlá náà lórí fóònù, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́rin gba owó wọn padà. Ojú tì mí gan-an, ó sì tọ́ kó tì mí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kíkà lè tú irọ́ ẹni tó ń tajà fó, àmọ́ kò lè jẹ́rìí gbè é. Ká ní gàárì 18 ni mo kà lára ejò yín, n kò ní sọ pé Suriname ni, torí àdàlù pọ̀ lọ́jà. Fọ́tò bàbá àti ìyá rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti kó àwọn yẹn wá ni màá bèèrè. Ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á, ẹ bèèrè ìwọ̀nyẹn. Bí kò bá ní wọn, kó dá owó tó lé padà.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ejò rere ló ní. Imperator le lára. Ọmọ boa Suriname ló máa ń pọ eku tó gbé mì padà bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù tàbí tí ooru kò tó. Kò gbọdọ̀ fi orúkọ Suriname ta ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kó ṣèlérí.

Ní ti Màmá, ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Òjòlá ilé wa ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ létè tó fi ń mọ ooru ẹran, ó sì ń yé ẹyin. Ètè boa yìí dán láìní ihò, ààyè ọmọ ló sì ń bí.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fẹ́ ta boa Ajẹntínà fún mi, ó ní ìwé rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kò séwu? (Ọ̀gbẹ́ni kan, Leeds)

Ìdáhùn: Ewu wà. Boa constrictor occidentalis nìyẹn. Ó dúdú, àwọ̀ funfun ya lára rẹ̀ bí àwọ̀n, kò sì ní ìrù pupa, torí náà kò ṣòro láti dá mọ̀. Òun nìkan nínú ìdílé boa constrictor ló wà ní Àfikún Kìíní, èyí tó le jù, nínú ìwé àdéhùn CITES tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko ìgbẹ́. Àfikún Kejì làwọn yòókù wà. Ní Bìrìtìkó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á láìní ìwé ẹ̀rí Article 10, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba láti tà á, nọ́ńbà ṣíìpù, ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ awọ ejò náà, sì máa ń wà nínú ìwé yẹn. Ẹ ní kó fi ẹ̀rọ ka ṣíìpù náà lójú yín, kí nọ́ńbà méjèèjì bára mu, kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpò.