Kì í ṣe orí omi nìkan lẹrù ti ń pẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè iye ọjọ́ tí kọ̀ǹténà ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fi ń la Àtìláńtíìkì kọjá láti Houston ní Amẹ́ríkà dé Èkó, ẹ kú ìmúra. Òkun náà fẹ̀ lóòótọ́. Òun ló tẹ̀lé Pàsífíìkì ní títóbi, bíi mílíọ̀nù 106 kìlómítà níbùú lóròó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Yúróòpù àti Áfíríkà ní ìlà oòrùn. Láti Houston síbí ju 10,000 kìlómítà lọ, ọkọ̀ kì í sì í sábà bọ̀ tààrà. Tèmi yà ní Algeciras ní Sípéènì, wọ́n tún gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn tó kéré, torí pé àwọn ọkọ̀ ràgàjì ò lè wọ èbúté tí omi rẹ̀ ò jìn. Ti Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023 jìn tó mítà 16.5, ìyẹn sàn díẹ̀.

Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń kó ẹrù wọlé ń gbà ní báǹkì, àti ìwé ẹrù, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ibi tó dùn mí rèé. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, ni mo fẹ́ san owó tó kù lórí ẹrù mi. Mo tẹ áàpù báǹkì, ó ń yí ṣáá. Mo sáré dé báǹkì, èrò kún ìta, wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àṣé inú òkun lọ̀rọ̀ wà! Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ Àtìláńtíìkì ló já lápá Abidjan ní Ivory Coast. Nínú ibú, wáyà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju àtàǹpàkò lọ, òun ló sì ń gbé owó wa kiri.

Ọjọ́ ọ̀fẹ́ mi, ìyẹn ọjọ́ tí kọ̀ǹténà fi lè wà nílẹ̀ láìsan owó, tán. Mo gbé ẹ̀rí ìsanwó tí kò wọlé lọ bá ọ̀gá kan ní èbúté. Kò wò ó. Ó ti fáìlì mi sábẹ́ ìwé ìròyìn, ó ń bó ẹ̀pà lọ, ó ní, "Wáyà kọ́ ló gbẹ́rù yín wá." Ọjọ́ mọ́kànlá ni dẹ́mọ́réèjì, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀ǹténà tó pẹ́, fi gùn mí. Owó ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló bá a lọ, owó àyè ilẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Epo rọ̀bì wa ń gba òkun yìí jáde, àlìkámà búrẹ́dì wa ń gbà á wọlé, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Inú ń bí mi di òní.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki fíríìjì àlòkù mọ́ ẹ́ńjìnnì yín o, òfin kà á léèwọ̀. Ẹ sì ṣọ́ra láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá, àsìkò ìjì ńlá lápá Houston nìyẹn. Púpọ̀ nínú ìjì náà, etí òkun Áfíríkà níbí ló ti ń gbéra.

Ẹ pín owó yín sí báǹkì méjì, kí ẹ sì san èyí tó bá ṣeé san kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Tèmi lo ọjọ́ 41 lójú omi. Tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ ọkọ̀ yín, ẹ fi ránṣẹ́, màá bá yín wo ibi tó dé.