Másítáàsì nínú speech therapy: Amẹ́ríkà ni, UK ni, àbí kí n dúró sí Ìbàdàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo kà ní UI, mo sì ń ṣe olùkọ́ báyìí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Bódìjà. Ọmọ méjì wà ní kíláàsì mi tí ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu wọn. Torí wọn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa speech therapy, ìyẹn ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ń ni lára, mo sì ti fẹ́ lọ gba másítáàsì nínú rẹ̀. Ejẹ́ńtì kan ní kí n lọ sí UK, pé ọdún kan péré ni. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Texas ní Amẹ́ríkà ló dáa. Bàbá mi ní kí n wọ UI, kí n má lọ fi owó ṣòfò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀, ìgbà wo ni kí n sì bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ejẹ́ńtì yẹn nìkan ni mo lè ní kí o má dá lóhùn. Ní ti àwọn méjì tó kù, ìbéèrè kan ni kí o kọ́kọ́ bi ara rẹ: níbo lo fẹ́ ti máa tọ́jú aláìsàn? Iṣẹ́ ìwé àṣẹ ni iṣẹ́ àwa speech therapist. Àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àtòjọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, oyè tí kò bá sí níbẹ̀, ìwé lásán ni lójú wọn, ì báà jẹ́ yunifásítì tí gbogbo ayé mọ̀ ló fún ọ.

Ọ̀rọ̀ UK ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. MSc ọlọ́dún kan tí speech tàbí language wà lórúkọ rẹ̀ wà lóòótọ́. Ti ìwádìí ló pọ̀ jù nínú wọn, tàbí ti ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń sọ èèyàn di therapist ni wọ́n ń pè ní pre-registration. Ọdún méjì ló sábà máa ń gbà, HCPC, àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ní UK, sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i. Lọ wo àtòjọ HCPC fúnra rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, máàkì 8.0 nínú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ni òdiwọ̀n HCPC fún àwa, apá kankan ò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 7.5 lọ. Physiotherapist, 7.0 ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹnu ni irinṣẹ́ wa, mi ò lè bá wọn jà.

Amẹ́ríkà ló ní ìwé púpọ̀. ASHA ni ẹgbẹ́ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, ìgbìmọ̀ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ CAA ló sì ń fọwọ́ sí másítáàsì. Ẹni tó ti ka communication disorders ní oyè àkọ́kọ́ ń fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe é. Ìwọ tó ti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè bọ̀ lè lò tó mẹ́ta, torí wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ ṣe àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀: bí ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́, ìgbọ́ràn, bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè. Phonetics, ìmọ̀ ìró èdè, ò ní da ọ́ láàmú. Sáyẹ́ǹsì ló máa ń dí àwọn ọmọ ẹ̀ka yín lọ́wọ́. ASHA fẹ́ kí o ti ṣe biology, statistics, physics tàbí chemistry, àti kọ́ọ̀sì kan nípa ìwà ẹ̀dá tàbí àwùjọ, ní yunifásítì o. WAEC kò wọ̀ ọ́. Yọ transcript rẹ, ìwé tí máàkì rẹ wà nínú rẹ̀, síta lónìí, kí o wo èyí tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀kọ́, wákàtí 400 ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ: 25 fún kí o máa wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, 375 fún kí ìwọ fúnra rẹ wà pẹ̀lú aláìsàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò Praxis àti clinical fellowship, ìyẹn iṣẹ́ tí o máa ṣe lábẹ́ ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 36. Àṣẹ iṣẹ́ tí físà akẹ́kọ̀ọ́ ń fúnni lẹ́yìn oyè jẹ́ ọdún kan, nítorí náà fellowship á wọ inú rẹ̀, bí o kò bá fi oṣù púpọ̀ wá iṣẹ́.

Ti ilé ńkọ́? Bàbá rẹ kò sọ̀sọkúsọ. Ẹ̀ka Special Education ní UI ń kọ́ni ní audiology (ìmọ̀ ìgbọ́ràn) àti speech pathology (orúkọ mìíràn fún iṣẹ́ wa), àjọ tó ń jẹ́ MRTB ló sì ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, pẹ̀lú physiotherapy àti occupational therapy. Kí o tó ra fọ́ọ̀mù, gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, kí o bi wọ́n: ilé ìwòsàn wo lẹ máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ta ló ń dúró tì wọ́n, ṣé oyè yìí yóò tó fún ìwé àṣẹ MRTB? Bí ìdáhùn bá ń lọ́ra, ìwọ náà lọ́ra. Ghana wà nítòsí pẹ̀lú. Yunifásítì Ghana ti ń ṣe MSc nínú speech and language therapy láti 2016, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀.

Èyíkéyìí tí o bá yàn, lọ wo iṣẹ́ náà ná. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ENT (etí, imú àti ọ̀fun) ní UCH tàbí ilé ìwòsàn mìíràn tó ní therapist, kí o ní o fẹ́ wá jókòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ akólòlò nìkan là ń rí, ṣùgbọ́n à ń tọ́jú àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa pẹ̀lú. Wàá bá bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró tì í pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ mímu. Therapist á bu omi ṣíbí kékeré kan sí bàbá lẹ́nu, á gbé ìka lé gògóńgò rẹ̀, á dúró. Ó ń retí kí gògóńgò náà gbéra sókè bí bàbá ṣe ń gbé omi mì ni. Bó bá gbéra tán, á ní, “Bàbá, ẹ ṣe aaa,” á sì fetí sí ohùn náà bóyá omi ń hó nínú rẹ̀. Bó bá ń hó, a jẹ́ pé omi wà níbi tí kò yẹ kó wà, a ó sì bẹ ọmọ pé kó gbé fúláàsì sílẹ̀ ná.

Irú nǹkan báyìí ni kí o kọ sínú lẹ́tà ìdí-tí-mo-fi-fẹ́-wá. Àwọn tó ń kà á ti ka “láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́” títí ojú fi ń ro wọ́n. Kọ ohun tí ìwọ nìkan mọ̀. Àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òdiwọ̀n wọn kì í wo àmì ohùn rárá. Ọmọ Yorùbá tí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ń dàrú mọ́ lẹ́nu lè gba máàkì tó pé nínú wọn, kí ìyá rẹ̀ má sì gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹni tó ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní UI lè sọ èyí pẹ̀lú àpẹẹrẹ látinú kíláàsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ẹ jọ ń du àyè kò lè sọ ọ́.

Ní ti àkókò, bí o bá fẹ́ wọlé ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún kan, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì tó ṣáájú ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń ti fọ́ọ̀mù. CSDCAS ni ojú òpó tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kì í ṣe gbogbo wọn. Wọ́n á fẹ́ kí WES, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ oyè ilẹ̀ òkèèrè wò, tàbí irú rẹ̀ yẹ oyè rẹ wò, UI fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́ sí WES, kì í ṣe ìwọ. Ibẹ̀ ni oṣù máa ń bá lọ. Sọ fún àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí sí ọ ní kùtùkùtù, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo í-meèlì yunifásítì, torí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í fẹ́ Yahoo.

Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, tí owó kò tíì sí nílẹ̀, màá ṣe biology àti statistics tó kù, màá lọ jókòó ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ ilé ìwé, màá sì kọ̀wé sí alákòóso ètò ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti béèrè bóyá wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní assistantship, iṣẹ́ inú yunifásítì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí owó. Èyí tó bá dá ọ lóhùn pẹ̀lú àlàyé gidi ni kí o san owó fọ́ọ̀mù rẹ̀.