Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo ni mo ṣe lè kó 8TB kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan sórí òmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní fọ́tò àti fídíò tó tó 8TB lórí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, mo sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí tuntun tó wà nínú yàrá kan náà. Mo gbé e gba orí Wi-Fi, mo kàn wọ́ fódà náà látorí èkíní sórí èkejì, ni kọ̀ǹpútà bá sọ pé ó máa gba ọjọ́ 18. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já lójú ọ̀nà, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n ra wáyà tó yára jù lọ ni? Tó bá yá, mo tún fẹ́ fi nǹkan bí 1TB nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọjọ́ 18 yẹn wò. TB 1 jẹ́ 1,000GB, GB 1 sì jẹ́ 1,000MB, torí náà 8TB láàárín ọjọ́ 18 já sí nǹkan bí 5MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Hard disk tí ara rẹ̀ dá kì í lọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ pàápàá sábà máa ń ka 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí fáìlì bá tóbi. A jẹ́ pé ibì kan ti há lójú ọ̀nà. Ibi tó há jù lọ yẹn ló ń pinnu bí ẹrù yín ṣe máa yá tó, bí gbogbo ibi tó kù tilẹ̀ fẹ̀ bí òpópónà. Owó tí ẹ bá ná sórí ibi tí kò há, ẹ kàn sọ ọ́ nù ni.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá bá mi ni pé, ṣé dandan ni kí dátà yìí rìn rárá? Tó bá jẹ́ pé orí disk kan tó dá dúró nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló wà, tí àyè sì wà nínú tuntun, ẹ pa ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ tú disk náà, ẹ fi í síbi tuntun. 8TB yín á dé láàárín ìgbà tí ẹ fi ń tú ìdè rẹ̀. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kọ̀ǹpútà tuntun lè ka irú ètò tí wọ́n fi to fáìlì sórí disk náà.

Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ pa Wi-Fi tì fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi wáyà Ethernet so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀ tààrà, ẹ fún ọ̀kan ní àdírẹ́sì 10.0.0.1, èkejì 10.0.0.2. Ẹ ṣọ́ra fún bíìtì àti báìtì níbí o. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka eré wáyà, báìtì ni kọ̀ǹpútà yín fi ń ka fáìlì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Tí ẹ bá rí b kékeré, bí Gb, bíìtì ni; tó bá jẹ́ B ńlá, bí GB, báìtì ni. Wáyà tí wọ́n pè ní 1Gb kò lè gbé ju 125MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ẹ máa rí gbà lójú ayé á tó 110MB. Ẹ fi 110 pín 8TB, ó di nǹkan bí wákàtí 20. Ihò tí wáyà yìí ń wọ̀ ti wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀.

Mo ti jìyà wáyà rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má bàa ṣe ẹ̀yin náà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo dátà kan tó ń rá pálá ní 11MB, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Mo pààrọ̀ disk, mo pààrọ̀ ètò tí mo fi ń kó o, pàbó ló já sí. Nígbà tí mo yọ ẹnu wáyà náà tí mo gbé e sábẹ́ iná, ọ̀kan nínú irin wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ ti rì wọlé, kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba mọ́. 1Gb ń lo okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú wáyà. 100Mb ń lo mẹ́rin péré. Tí ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ò ní pariwo, wọ́n á kàn rọra gbà láti máa sọ̀rọ̀ ní 100Mb. Lórí Linux, ẹ tẹ `ethtool eth0` (orúkọ ihò tiyín lè yàtọ̀), kí ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Speed sí. Níbikíbi tí mo bá ti rí 11 tàbí 12MB tó dúró sójú kan báyìí, wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ.

Ní ti wáyà tó yára jù lọ tí ẹ béèrè, 10Gb lè gbé 1.25GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n hard disk tó ń yí kì í sábà ju 250MB lọ. Wáyà á kàn máa dúró de disk ni. Ó dìgbà tí SSD, ìyẹn disk tí kì í yí, bá wà ní ìkángun méjèèjì kí n tó ní kí ẹ nawó sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí ni iye fáìlì. Fídíò kan tó jẹ́ 20GB ń ṣàn bí odò. Fọ́tò pínníṣín mílíọ̀nù kan tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 20GB dà bí aláàárù tó ń gbé òkúta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: á kan ilẹ̀kùn, á dúró kí wọ́n ṣí i, wọ́n á kọ orúkọ òkúta náà sínú ìwé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kó tó padà lọ gbé òmíràn. Ẹrù kan náà ni, ìrìn ló pọ̀. Irú fódà bẹ́ẹ̀, ẹ dì í ní ìdì kan kó tó kúrò nílé:

`tar cf - foto | ssh emi@10.0.0.2 'tar xf - -C /dida'`

tar ń dì í níhìn-ín, ssh ń gbé e dé kọ̀ǹpútà kejì, tar kejì ń tú u lọ́hùn-ún lójú ẹsẹ̀, kò sí fáìlì ńlá kankan tó máa gba àyè láàárín.

Fún ìyókù, rsync, ètò kan tó ń kó fáìlì látorí kọ̀ǹpútà kan sórí òmíràn, ni mo fọkàn tán. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde lọ́dún 1996, mi ò sì tíì rí èyí tó tún tù mí lára jù ú lọ nígbà tí nǹkan bá já:

`rsync -aP /data/ emi@10.0.0.2:/dida/`

Bó bá já, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀. Á fo gbogbo èyí tó ti dé, á sì tẹ̀ síwájú. Ẹ kíyè sí ìlà dídagun tó kẹ́yìn `/data/`: tó bá wà níbẹ̀, ohun inú fódà ló ń kó, tí ẹ bá yọ ọ́, á gbé fódà náà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi `-z`, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, kún un, torí fọ́tò JPEG àti fídíò MP4 ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó kàn dá kọ̀ǹpútà lágara ni. Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, `robocopy D:\foto \\10.0.0.2\dida /E /MT:16` á ṣe é. Àmọ́ ẹ jìnnà sí `/MIR` tí kò bá yé yín dáadáa. Ó máa ń pa ohun tó bá níbi tí ẹrù ń lọ rẹ́, tí irú rẹ̀ kò bá sí níbi tí ẹrù ti ń bọ̀.

Nígbà tó bá parí, ẹ tẹ `rsync -acni` pẹ̀lú àdírẹ́sì kan náà. Kò ní kó ohunkóhun, á kàn ka fáìlì méjèèjì tinú-tẹ̀yìn, orúkọ èyí tó bá sì yàtọ̀ á jáde. Ó máa pẹ́ o, torí gbogbo 8TB ló máa kà níhà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti òkèèrè wá yàtọ̀. Ìṣirò kan náà lẹ máa ṣe, ṣùgbọ́n eré tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbé nǹkan jáde lẹ máa lò, ìyẹn sì sábà máa ń kéré sí èyí tó fi ń gbé e wọlé. Tó bá jẹ́ 20Mb, 1TB á gba ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀ ó lé díẹ̀, tí kò bá já rárá. Jíjìnnà náà tún ń jẹ eré: kọ̀ǹpútà máa ń fi díẹ̀ ránṣẹ́, á dúró kí ti òdìkejì dáhùn pé ó dé, kó tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí fífi fáìlì mélòó kan ránṣẹ́ pa pọ̀, bí rclone, ètò míràn tó ń kó fáìlì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń fi `--transfers` ṣe é, fi máa ń yá ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Tí ìṣirò yín bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ fi disk ránṣẹ́. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ Event Horizon Telescope, àwọn tó gbé àwòrán black hole àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2019, inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n kó hard disk wọn sí lọ sí Amẹ́ríkà àti Jámánì. Àwọn disk tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní láti dúró kí ìgbà òtútù kọjá kí ọkọ̀ òfuurufú tó lè lọ kó wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti disk tiyín pa kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi àbájáde `sha256sum` gbogbo fáìlì, ìyẹn àmì gígùn kan tó máa yí padà tí fáìlì bá yí padà, ránṣẹ́ lórí íméèlì, lọ́tọ̀ sí disk. Ẹ má pa ẹyọ kan rẹ́ lọ́dọ̀ yín títí ẹni náà á fi dáhùn pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bára mu.