Ọjọ́ tí wọn kò kọ ẹyin sílẹ̀: bí a ṣe ń tún àwòrán onílà ṣe nínú Excel

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ 400 tó ń yé ẹyin ni mo ń sìn. Mo ń kọ ẹyin ojoojúmọ́ sínú Excel: déètì ní column A, kíréètì ní B, ẹyin tó ṣẹ́ kù ní C, àpapọ̀ ní D. Fọ́múlà D ni =IF(B2="","",B2*30+C2). Bí ọmọṣẹ́ mi ò bá kọ ti ọjọ́ kan, ìlà inú àwòrán onílà (line chart) tí mo fi D yà á já dé òdo. Àwọn ọjọ́ mìíràn ò tiẹ̀ sí nínú ìwé rárá, Excel á sì fò wọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi àwòrán yẹn pinnu ohunkóhun nípa adìẹ yín. Òdo túmọ̀ sí pé wọn ò yé ẹyin kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá. Òdo èké lè mú yín ra oògùn fún àìsàn tí kò sí. Èyí tó tún burú jù ni kí ojú yín mọ́ ọn lára, débi pé bí ẹyin bá dín kù lóòótọ́, irú èyí tí àrùn Newcastle máa ń fà, ẹ ò ní kà á sí.

Àmì "" tó wà nínú fọ́múlà yín ló ń fa òdo. Lójú wa, àpótí náà (cell) ṣófo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, òdo ló sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣe nínú àwòrán onílà. Ẹ yí i padà sí =IF(B2="",NA(),B2*30+C2). #N/A ni yóò hàn níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán, ẹ yan Select Data, lẹ́yìn rẹ̀ Hidden and Empty Cells, kí ẹ mú Gaps. Nínú Excel 365, ẹ rí i pé Show #N/A as empty cell ní àmì. Excel àtijọ́ tí kò ní èyí á kàn fa ìlà kọjá orí #N/A ni. Níbẹ̀, àfi kí ẹ fi Delete pa fọ́múlà ọjọ́ náà rẹ́ kí àlàfo tó lè hàn. #N/A á ba SUM jẹ́, nítorí náà =AGGREGATE(9,6,D2:D32) ni kí ẹ fi ṣe àròpọ̀, kí ẹ fi 1 rọ́pò 9 tó bá jẹ́ pé ìpíndọ́gba lẹ fẹ́.

Zero tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gaps yẹ ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣí ní Sọ́ńdè, torí pé lóòótọ́ ni kò ta nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò yẹ adìẹ.

Ní ti ọjọ́ tí kò ní row, Gaps ò lè ràn yín lọ́wọ́, torí pé kò sí àpótí òfo tí Excel máa rí. Bí ẹ bá tẹ ibi tí déètì tò sí nísàlẹ̀ àwòrán, tí ẹ lọ sí Format Axis, tí ẹ sì yan Date axis, ọjọ́ náà á ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà á ṣì gba orí rẹ̀ kọjá. Déètì tó pé ni ojútùú. Nínú sheet tuntun, ẹ tẹ 1-May-2024 sí A2, =A2+1 sí A3, kí ẹ fà á dé A32. Ní B2, ẹ kọ =IFERROR(VLOOKUP(A2,Sheet1!$A$2:$D$40,4,FALSE),NA()), kí ẹ fa òun náà dé B32, kí ẹ sì ya àwòrán láti ibẹ̀. Ẹ má yọ FALSE kúrò o. Bí kò bá sí níbẹ̀, iye ọjọ́ tó ṣáájú ni Excel á gbé fún yín, ẹ ò sì ní mọ̀.

Bí ọjọ́ tó dá yín lójú pé wọ́n kọ bá tún gbé #N/A wá, ẹ yẹ déètì ìwé àkọ́kọ́ wò pẹ̀lú =ISNUMBER(A2). Nọ́ńbà ni déètì lójú Excel: 1 May 2024 ni 45413. Bí ètò Region kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 13/05/2024 á di ọ̀rọ̀ lásán, torí kò sí oṣù kẹtàlá. 12/05/2024 á di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwòrán yín bá nà dé December, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ kọ́kọ́ yí Region sí English (Nigeria). Text to Columns, pẹ̀lú DMY (ọjọ́, oṣù, ọdún) ní ìgbésẹ̀ kẹta, ló ń tún èyí tó di ọ̀rọ̀ ṣe; =DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)) ló ń tún èyí tí oṣù àti ọjọ́ rẹ̀ ti gba ipò ara wọn ṣe.

Ẹ tún wo ọjọ́ tó tẹ̀ lé àlàfo kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá kó ẹyin ní Sọ́ńdè, Mọ́ńdè ló máa ru ẹrù ọjọ́ méjèèjì. Adìẹ kan kì í yé ju ẹyin kan lọ lóòjọ́, nítorí náà iyekíye tó bá ju 400 lọ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Bí Mọ́ńdè bá jẹ́ kíréètì 21, ìyẹn 630, ẹ pín in sí 315 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kun àpótí méjèèjì ní àwọ̀ mìíràn, kí ẹni tó bá ṣí ìwé náà lè mọ̀ pé pípín la pín in, a ò kà á lọ́jọ́ náà.