Èsì: Ṣé kí ọmọ mi tún Pírámárì 3 kà?

Ẹ kú wàhálà ọmọ o, Ìyá Ràfíù. Ẹ ní ìwé kíkà ń ṣòro fún ọmọ yín, ẹ wá ń bi mí bóyá kó tún Pírámárì 3 kà. Ẹ má jẹ́ kó tún kíláàsì kà. Bí wọ́n bá tún gba ọ̀nà kan náà kọ́ ọ, ibi tó wà náà ló máa wà.

Tó bá jẹ́ pé ojú àti etí rẹ̀ dá ṣáká ni mo wí o. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá Òkè-Oyì, lẹ́bàá Ìlọrin, kí wọ́n yẹ méjèèjì wò.

Ẹ ní ó mọ súrà lórí nílé-kéwú, ó ń ka ṣéńjì láìṣì, àmọ́ “b” ń di “d” mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Ó jọ dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà: ọpọlọ àwọn tó ní in kì í tètè so lẹ́tà mọ́ ìró.

1. Kí tíṣà máa ka ìbéèrè sí i létí, kó gba ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀. Kó má pè é síta kàwé lójú kíláàsì rárá.

2. Nílé, ẹ da yanrìn sínú tíréè. Kó máa fìka kọ “b”, kó máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má tíì mú “d” wá títí “b” yóò fi mọ́ ọn lára.

Bí tíṣà bá kọ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá wọn. Ẹ mú bàbá ẹ̀ dání. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí.