Orúnkún Tó Ń Dunni Lẹ́yìn Ijó Ballet

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 58 ni mí, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó ballet. Bí a bá ti jó tán, apá inú orúnkún mi méjèèjì a máa dùn mí. Ṣé ọjọ́ orí ló fà á? Ọmọọmọ mi, ẹni ọdún 9, tún ń bẹ̀ mí pé kí n ra bàtà tí wọ́n fi ń jó lórí ṣónṣó ìka ẹsẹ̀ fún òun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò sì pẹ́ jù. Alicia Alonso, gbajúmọ̀ oníjó ballet ọmọ Kúbà, ṣì ń jó lórí ìtàgé lẹ́yìn tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Bí ẹ ṣe ń ya ẹsẹ̀, ìyẹn bí ẹ ṣe ń yí ìka ẹsẹ̀ síta, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Oríkèé ìbàdí ló ń yí itan síta, ìwọ̀nba tí egungun oníkálukú bá gbà ló sì ń yí mọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fipá ya ẹsẹ̀ títí yóò fi tò gbọọrọ bí ìlà kan ṣoṣo. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yà ju itan lọ, orúnkún tó wà láàrin ni yóò lọ́, bẹ́ẹ̀ kíká àti nínà ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú síwájú. Ẹ na orúnkún, ẹ gbé ara lé gìgísẹ̀, kí ẹ wá yí itan síta láti ìbàdí. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ bá bá itan dé, ẹ má fà á kọjá ibẹ̀. Igun digiri 90 láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì ti tó dáadáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ṣe demi-plié: ẹ rọra ká orúnkún láì gbé gìgísẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ọmọ ìka kejì ni kí orúnkún kọjú sí. Bó bá ń wọ inú kọjá àtàǹpàkò, tí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń tẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ pa ẹsẹ̀ dé díẹ̀ sí i. Ẹ fi grand plié, ìyẹn kíká orúnkún wálẹ̀ pátápátá, sílẹ̀ títí ìrora yóò fi lọ, pàápàá ní ipò karùn-ún, níbi tí ẹsẹ̀ kan ti wà níwájú èkejì tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Bí orúnkún bá wú, tàbí tó ń dùn yín lórí àtẹ̀gùn, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ tún ṣọ́ ọwọ́ yín lórí ọ̀pá tí ẹ ń dì mú nígbà ìdánrawò. Ẹ gbé ìka kúrò lójijì. Bí ẹ bá fì, ọ̀pá lẹ ti gbára lé, ẹsẹ̀ yín ò tíì ṣiṣẹ́.

Ní ti ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, gbogbo ìwúwo ara yóò sì dúró lórí ṣónṣó ìka. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í gbà á kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó ti ń kọ́ ijó déédéé. Kó kọ́kọ́ lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gòkè sórí àwọn ọmọ ìka rẹ̀ léraléra, kí ọrùn ẹsẹ̀ má gbọ̀n. Bí àkókò bá tó, kí olùkọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń wọn bàtà náà, ẹ má sì ra èyí tó tóbi pé yóò dàgbà bá a: ẹsẹ̀ yóò rì sínú rẹ̀, ìka á sì gbọgbẹ́.